Oògùn tí wọ́n fún mi kí abẹ tó kàn mí

Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ fún mi. Ìpá ni lẹ́ẹ̀mejèèjì, ohun tí àwọn dókítà ń pè ní hẹ́níà, ti ọ̀tún ló kọ́kọ́ yọ, nígbà tó di ọdún mẹ́ta lẹ́yìn ẹ̀ ti òsì náà yọ. Ara kan náà, àìsàn kan náà, ojú abẹ tó gùn bákan náà. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá bi mí nípa àkọ́kọ́, màá kọ́kọ́ mí kanlẹ̀ ná kí n tó fèsì, tẹ́ ẹ bá sì bi mí nípa èkejì, màá sọ fún yín pé mo sùn, mo jí, mo sì fẹsẹ̀ ara mi rìn lọ sí tọ́ílẹ́ẹ̀tì kí ilẹ̀ ọjọ́ yẹn tó ṣú. Ó ti pẹ́ tí ìyàtọ̀ yẹn ti ń jà lọ́kàn mi, mo ti kà nípa ẹ̀, mo ti bi àwọn tó mọ̀ ọ́n léèrè, ibi tí mo bá a dé ni mo fẹ́ sọ lónìí. Mi ò kì í ṣe dókítà o, ẹ jọ̀ọ́, aláìsàn tó jókòó kàwé ni mí.

Ní ti àkọ́kọ́, kò sẹ́ni tó bá mi sọ̀rọ̀ ìrora rárá kí n tó wọ tíátà. Wọ́n bi mí bóyá mo ti jẹun, wọ́n bi mí bóyá mo ní ẹ̀jẹ̀ ríru, wọ́n ní kí n fọwọ́ sí ìwé, wọ́n fi bírò sàmì sí ẹ̀gbẹ́ tí wọ́n máa là kí wọ́n má baà lọ la ibi tí kò yẹ, gbogbo ẹ̀ ló dáa, gbogbo ẹ̀ ló sì yẹ. Àmọ́ kẹ́nì kan wá sọ pé tẹ́ ẹ bá jí, ibẹ̀ á máa dùn yín o, ohun tá a máa ṣe sí i nìyí, ìyẹn ò wáyé. Èmi náà ò bèèrè. Mo gbà lọ́kàn mi pé tí wọ́n bá ti lè mú èèyàn sùn tí kò ní mọ nǹkan kan, ọ̀rọ̀ ìrora ti parí nìyẹn, kí ló tún kù?

Aago kan wà lára ògiri níbi tí mo jí sí. Mo rántí aago yẹn ju ojú ẹnikẹ́ni tí mo rí lọ́jọ́ náà lọ. Mo jí, mo fẹ́ yíra padà, nǹkan kan sì fà mí ya láti abẹ́ ikùn títí dé itan, bíi pé wọn ò tíì parí iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe. Mo pe nọ́ọ̀sì. Ó wá, ó wo ìwé mi, ó ní "Ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ ní sùúrù díẹ̀, kò tíì tó àkókò." Ó ku bíi wákàtí kan ààbọ̀ kí abẹ́rẹ́ tó kàn, ìyẹn ni wọ́n kọ sínú ìwé, ohun tí wọ́n kọ ló sì ń tẹ̀ lé, mi ò bínú sí i nígbà yẹn, mi ò sì bínú sí i báyìí. Mo kàn ń wo aago yẹn ni. Ṣé ẹ mọ bí ìṣẹ́jú kan ṣe gùn tó tí èèyàn ò bá gbọ́dọ̀ mí dáadáa? Torí tí mo bá mí kan inú, ó ń dùn mí, tí ikọ́ bá gbọ̀n mí, mo ní láti fi ìrọ̀rí tẹ ojú ibẹ̀ mọ́lẹ̀ kí n tó lè wú u. Nígbà tí abẹ́rẹ́ náà sì wá dé, abẹ́rẹ́ líle ni, ó mú kí orí mi máa yí, èébì gbé mi, ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rán abẹ́ ikùn ẹ̀ wá ń bì, ẹ fojú inú wò ó. Ní alẹ́ ọjọ́ yẹn, aṣọ ìbora lásán tó bá fara kan ìtòsí ibẹ̀ ń ta mí. Ẹ rántí aṣọ ìbora yẹn, màá padà sí i.

Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni mi ò fẹ́ dìde lórí bẹ́ẹ̀dì. Wọ́n ní kí n rìn, mi ò rìn. Nígbà yẹn mo rò pé ọ̀rọ̀ ìfaradà lásán ni, pé tí mo bá lè fara dà á ó ti tán. Ó tó ìgbà tí mo kàwé kí n tó mọ̀ pé ẹni tí ìrora ò jẹ́ kó mí kanlẹ̀, ẹ̀dọ̀fóró ẹ̀ ò ní ṣí dáadáa, ibẹ̀ sì ni àìsàn àyà ti ń rí ọ̀nà wọlé, ẹni tí kò bá sì rìn, ẹ̀jẹ̀ lè dì sí i lẹ́sẹ̀. Ìrora lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìgboyà.

Nígbà tí ti òsì wá dé, ilé ìwòsàn míì ni mo lọ. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, dókítà tó máa fún mi lóògùn oorun wá bá mi fúnra ẹ̀. Obìnrin ni. Ó fa àga, ó jókòó, ohun tó sì kọ́kọ́ bi mí ni pé, "Ìgbà tí wọ́n ṣe ti àkọ́kọ́ fún yín, báwo ló ṣe rí nígbà tẹ́ ẹ jí?" Mo sọ gbogbo ẹ̀ fún un, àtorí aago dórí aṣọ ìbora. Kò já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ mi lẹ́nu. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè: ṣé mo ní ọgbẹ́ inú rí, ṣé kíndìnrín mi dáa, ṣé mo ní ikọ́ fée tí ásípírìn tàbí irú oògùn bẹ́ẹ̀ máa ń jí dìde, ṣé mo ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, oògùn wo ló ti ṣe mí rí tí ara mi ò gbà. Nígbà tó parí, ó ní, "Ẹ má wò ó pé ẹ máa sùn nìkan. A ò ní jókòó títí ìrora á fi dé ká tó máa wá ohun tá a máa fi lé e. Ká tó là yín, a ti máa wà níbẹ̀ dè é."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, nígbà tó ku bíi wákàtí méjì kí wọ́n gbé mi wọlé, nọ́ọ̀sì gbé oògùn wá nínú ife kékeré kan: parasítámọ̀ 500 mílígíráàmù méjì, ìyẹn gíráàmù kan, àti kápúsù celecoxib kan, oògùn ìrora tó ń dín wíwú ara kù. Ẹ̀rù bà mí torí wọ́n ti ní kí n má jẹ kí n má mu, ó sì ní omi tó tó gbé oògùn mì kò léwu, dókítà mọ̀ sí i. Mo gbé e mì. Ohun tí mi ò rí ni èyí tí wọ́n ṣe nígbà tí mo ti sùn, dókítà náà ló sọ fún mi lẹ́yìn ẹ̀: kí oníṣẹ́ abẹ tó fọwọ́ kan ọ̀bẹ, ó ti gún abẹ́rẹ́ tó ń mú ara kú sí ìdí àwọn iṣan tó ń gbé ìròyìn ibẹ̀ lọ sókè, nígbà tí wọ́n sì fẹ́ rán mi, wọ́n tún fi díẹ̀ sí ojú ibẹ̀.

Mo jí. Mo dúró dè é. Mo mọ̀ pé nǹkan kan wà níbẹ̀, ó wúwo, ó dà bí ibi tí kì í ṣe tèmi, àmọ́ kò ya mí. Nígbà tó yá nọ́ọ̀sì gbé parasítámọ̀ míì wá. Mo ní "Kò tíì dùn mí o." Ó rẹ́rìn-ín, ó ní "Ẹ lò ó bẹ́ẹ̀ náà. A ò fẹ́ kó dé ni."

Ẹ fi ìyẹn wé "kò tíì tó àkókò." Gbogbo ohun tí mo ti kà látìgbà yẹn, àárín ọ̀rọ̀ méjèèjì yẹn ló wà.

Ohun tí mi ò mọ̀ nígbà àkọ́kọ́ ni pé èèyàn lè sùn kí ara ẹ̀ má sùn. Oògùn oorun, ọpọlọ ló dojú kọ, ó ń jẹ́ kí èèyàn má mọ nǹkan tó ń lọ kó má sì rántí ẹ̀. Àmọ́ àwọn iṣan tín-ín-rín tó wà káàkiri awọ àti ẹran ara, tó jẹ́ pé iṣẹ́ wọn ni láti máa ké gbàjarè tí nǹkan bá gé wa tàbí jó wa, wọn ò bá wa sùn. Bí abẹ bá ti kan awọ ni wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í ránṣẹ́, iṣẹ́ ọ̀hún á dé inú okùn iṣan tó wà nínú egungun ẹ̀yìn, á sì máa dé léraléra fún gbogbo àkókò tí wọ́n fi ń gé tí wọ́n fi ń fà tí wọ́n fi ń rán. Ẹni tí wọ́n ránṣẹ́ sí ló ń sùn, iṣẹ́ náà ti dé. Ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ìrora lágbàáyé, IASP, tún ìtumọ̀ ìrora kọ lọ́dún 2020, wọ́n sì là á mọ́lẹ̀ níbẹ̀ pé ìrora tí èèyàn ń mọ̀ àti iṣẹ́ tí iṣan ń jẹ́ kì í ṣe nǹkan kan náà. Ọ̀rọ̀ yẹn dà bí ọ̀rọ̀ inú ìwé lásán àfi tẹ́ ẹ bá ti jí sínú ẹ̀ rí.

Kì í ṣe òní ni wọ́n ti fura sí i. Ọdún 1846 ni oníṣègùn eyín kan tó ń jẹ́ William Morton fi ether, oògùn tí wọ́n ń fà símú, mú èèyàn sùn níwájú àwọn oníṣẹ́ abẹ ní Boston, kò sì ṣòro láti lóye ìdí tí inú gbogbo ayé fi dùn, torí kó tó dìgbà yẹn ńṣe ni wọ́n ń di èèyàn mú. Àmọ́ nígbà tó fi máa di ọdún 1913, oníṣẹ́ abẹ kan ní Cleveland tó ń jẹ́ George Crile ti ń sọ pé ọ̀rọ̀ ò tíì tán síbẹ̀, pé bí aláìsàn bá tiẹ̀ sùn, ohun tí wọ́n ń ṣe sí ara ẹ̀ ṣì ń dé inú ọpọlọ, ó sì ń dà á láàmú. Ohun tóun ń ṣe ni pé ó máa mú aláìsàn sùn, á tún wá fi abẹ́rẹ́ mú ojú ibi tó fẹ́ gé kú, kí iṣẹ́ yẹn má baà rí ọ̀nà gbà rárá. Inú mi máa ń dùn tí mo bá rántí pé ohun tí wọ́n ṣe fún mi lábẹ́ ikùn yẹn, ẹnì kan ti ń rò ó lọ́nà yẹn fún ohun tó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn.

Ìgbà tó wá di ọdún 1983 ni onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Clifford Woolf, tó ń ṣiṣẹ́ ní London nígbà yẹn, gbé ìwádìí kan jáde nínú ìwé ìròyìn Nature. Èkúté ló lò. Ó ṣe wọ́n léṣe lẹ́sẹ̀, ó wá ń wo bí ẹsẹ̀ náà ṣe máa ń fà sẹ́yìn tí nǹkan bá kàn án. Lẹ́yìn egbò yẹn, ohun tí kò tó nǹkan tẹ́lẹ̀ ti tó láti mú kí ẹsẹ̀ fà. Ìyẹn ò yani lẹ́nu. Ohun tó yani lẹ́nu ni pé nígbà tó fi abẹ́rẹ́ mú ojú egbò náà kú, tí kò yẹ kí ìròyìn kankan ti ibẹ̀ wá mọ́, ìyípadà yẹn ò lọ. Ó ti kúrò lọ́rọ̀ egbò. Inú okùn iṣan ẹ̀yìn ló wà, ibẹ̀ gan-an ló ti yí padà.

Àwọn àgbà ní ẹni tí ejò ti bù jẹ rí, tó bá rí ekòló, á sá. Okùn iṣan inú ẹ̀yìn wa náà ńṣe ló dà bẹ́ẹ̀. Tí ìròyìn ìrora bá ti rọ́ lù ú fún ìgbà pípẹ́, á bẹ̀rẹ̀ sí í sá fún ekòló, ohun tí kì í ṣe ìrora rárá á máa kà á sí ìrora. Aṣọ ìbora mi nìyẹn. Ojú abẹ mi ò débi tí aṣọ ìbora ń fara kàn, ó jìnnà díẹ̀ sí i, síbẹ̀ ó ń ta mí, mi ò sì lè ṣàlàyé ẹ̀ fún ẹnikẹ́ni lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mo rò pé mo ti ń ya ọ̀lẹ ni.

Lọ́dún 1986 Woolf àti ọ̀gá rẹ̀ Patrick Wall tún fi hàn pé mọfíìnì, oògùn ìrora líle, díẹ̀ tí wọ́n fún èkúté kí ìpalára tó bẹ̀rẹ̀ lè dènà ìyípadà yẹn, àmọ́ tí wọ́n bá dúró kó ti ṣẹlẹ̀ ná, oògùn tó máa ká a pọ̀ ju ìyẹn lọ dáadáa. Àìtètè mólè, olè ń mólóko. Nígbà tó di ọdún 1988 Wall kọ ọ̀rọ̀ kan sínú ìwé ìròyìn Pain tó sọ ọ́ gbangba pé ó yẹ ká máa dènà ìrora iṣẹ́ abẹ kó tó bẹ̀rẹ̀, látibẹ̀ sì ni àwọn dókítà káàkiri ayé ti gbé e, tí ìwádìí ń tẹ̀ lé ìwádìí.

Ká ní ibí yìí ni ìtàn náà parí sí, mi ò bá ti kọ ọ́ tipẹ́. Mo rò pé ó parí síbẹ̀ ni. Mo ti ní ìtàn ara mi méjì, mo ti rí sáyẹ́ǹsì tó gbè é, ó kù kí n sọ fún gbogbo èèyàn pé ẹ rí i dájú pé wọ́n fún yín lóògùn kí wọ́n tó là yín, iṣẹ́ sì ti parí. Mo wá lọ ka ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà tí wọ́n gbé e kúrò lára èkúté dé ara èèyàn.

Ìwádìí tí wọ́n ń ṣe ni pé wọ́n á pín àwọn aláìsàn sọ́nà méjì, oògùn kan náà, ìwọ̀n kan náà, wọ́n á fún àwọn kan kí wọ́n tó là wọ́n, wọ́n á fún àwọn yòókù lẹ́yìn tí wọ́n là wọ́n tán. Tó bá jẹ́ pé "ṣáájú" nìkan ló ń ṣiṣẹ́ ìyanu, ó yẹ kí àwọn àkọ́kọ́ sàn ju àwọn kejì lọ fíìfíì. Lọ́dún 2002, àwọn dókítà kan ní Denmark, Møiniche, Kehlet àti Dahl, kó irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ 80 jọ, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n sì rí i pé lápapọ̀, ìyàtọ̀ tí àkókò yẹn ń mú wá kò tó nǹkan. Àwọn míì tún kó o jọ lọ́dún 2005, wọ́n ní ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa tó bá jẹ́ abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn tí wọ́n ń pè ní epidural, ó tún ń dín oògùn tí aláìsàn máa nílò kù tó bá jẹ́ abẹ́rẹ́ ojú egbò tàbí àwọn oògùn bí ibuprofen, àmọ́ kì í ṣe gbogbo oògùn ló rí bẹ́ẹ̀.

Èyí tó wá dùn mí jù ni ti ọdún 2009. Dókítà kan ní Massachusetts, Scott Reuben, tó ti kọ ìwé rẹpẹtẹ nípa àpapọ̀ oògùn fún ìrora iṣẹ́ abẹ, tí àwọn dókítà míì ń tẹ̀ lé ohun tó ń kọ, wọ́n rí i pé 21 nínú ìwádìí ẹ̀, irọ́ ló kọ síbẹ̀. Ó ṣẹ̀wọ̀n lórí ẹ̀. Àwọn tó tún ìṣirò ṣe láìsí tiẹ̀ nínú rí i pé ọ̀pọ̀ nínú ohun tá a ti mọ̀ kò wó lulẹ̀, ìyẹn tù mí nínú díẹ̀, àmọ́ mo ṣì máa ń ronú nípa àwọn aláìsàn tí wọ́n fi irọ́ ẹnì kan tọ́jú. Ẹni tó bá purọ́ nípa ìrora, ẹni tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì ló purọ́ mọ́.

Mo pa ìwé dé fún ọ̀sẹ̀ bíi méjì lẹ́yìn ìyẹn. Kí ló wá ṣẹlẹ̀ sí mi nígbà náà? Ṣé oògùn inú ife kékeré yẹn ò ṣe nǹkan kan ni?

Ohun tó là mí lójú ni ìbéèrè kan tó rọrùn gan-an: ìgbà wo ni ìpalára iṣẹ́ abẹ ń parí? Èmi ti ń rò ó bíi pé ìgbà tí wọ́n bá rán èèyàn tán ni. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn tí wọ́n bá rán an, ojú ibẹ̀ á wú, á gbóná, ara á máa da oríṣiríṣi nǹkan síbẹ̀ láti tún un ṣe, àwọn nǹkan yẹn gan-an sì ló ń mú kí iṣan tún máa ké fún ọjọ́ mélòó kan. Nínú àwọn abẹ́rẹ́ tó ń mú ara kú, lidocaine tètè ń ṣiṣẹ́ ó sì tètè ń lọ, bupivacaine á pẹ́ jù ú lọ, ó lè tó wákàtí mélòó kan, àmọ́ èwo nínú wọn ló máa tó ọjọ́ mẹ́ta? Tí wọ́n bá fún èèyàn lóògùn lẹ́ẹ̀kan kí abẹ tó kàn án, tí wọ́n wá fi í sílẹ̀, oògùn á lọ, iná egbò á ṣì máa jó, gbogbo iṣẹ́ tí wọ́n dá dúró láàárọ̀ á tún wá rọ́ dé lálẹ́. Ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ṣáájú tàbí lẹ́yìn. Ó di pé ṣé àlàfo wà níbẹ̀ àbí kò sí. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ àwọn onímọ̀ fi yí èrò wọn padà, wọn ò tẹnu mọ́ "kó tó bẹ̀rẹ̀" nìkan mọ́, dídènà rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin ni wọ́n ń sọ, ṣáájú, nígbà tó ń lọ lọ́wọ́, àti lẹ́yìn ẹ̀, kí wọ́n sì pa oògùn méjì mẹ́ta tí ọ̀nà wọn yàtọ̀ síra pọ̀ ní ìwọ̀n díẹ̀díẹ̀, dípò kí wọ́n gbára lé abẹ́rẹ́ líle kan ṣoṣo tó ń mú èébì àti àìlè ṣe ìgbẹ́ wá. Kehlet àti Dahl ti ń sọ ti àpapọ̀ yẹn láti ọdún 1993.

Mo wá padà wo iṣẹ́ abẹ mi kejì. Parasítámọ̀ àti celecoxib láàárọ̀, celecoxib ń dín ohun tó ń mú ojú egbò wú tó sì ń mú iṣan ké kù, parasítámọ̀ ń ràn án lọ́wọ́ lọ́nà tiẹ̀. Abẹ́rẹ́ tó dí ọ̀nà iṣan kí abẹ tó dé. Abẹ́rẹ́ ojú egbò nígbà tí wọ́n fẹ́ rán mi. Lẹ́yìn náà nọ́ọ̀sì tó gbé oògùn wá nígbà tí kò tíì dùn mí. Èyí tó kẹ́yìn yẹn, mo ti máa ń fò ó tí mo bá ń sọ ìtàn yìí tẹ́lẹ̀, torí pé ti "ṣáájú" ló dùn ún sọ. Òun gan-an ló dí àlàfo pa. Mo sì gbọ́dọ̀ sọ òótọ́ míì: nígbà kejì, ẹnì kan ti jókòó tì mí, ó ti sọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ fún mi, mi ò wọlé pẹ̀lú àyà jíjá, ìbẹ̀rù sì máa ń fi kún ìrora. Ara èèyàn kan lẹ́ẹ̀mejì kì í ṣe ìwádìí, mi ò lè fi ọwọ́ sọ̀yà pé oògùn báyìí ló ṣe báyìí.

Ẹ jẹ́ n fi ti àwọn tí wọ́n gé lẹ́sẹ̀ kún un, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí ti lágbára jù tó sì ti nira jù. Ẹni tí wọ́n gé lẹ́sẹ̀ lè máa mọ ìrora nínú ẹsẹ̀ tí kò sí níbẹ̀ mọ́. Lọ́dún 1988, wọ́n fi abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn pa ìrora àwọn aláìsàn kan fún ọjọ́ mẹ́ta kí wọ́n tó gé ẹsẹ̀ wọn, ó sì dà bíi pé ó gbà wọ́n lọ́wọ́ irú ìrora bẹ́ẹ̀. Aláìsàn 25 péré ni. Ìrètí pọ̀. Nígbà tó di ọdún 1997 àwọn míì tún un ṣe pẹ̀lú aláìsàn 60, wọn ò rí ìyàtọ̀ yẹn. Nígbà tí mo ka èyí kejì, mo ṣe bí ẹni tí wọ́n gba nǹkan lọ́wọ́ ẹ̀. Síbẹ̀ mo fẹ́ràn pé wọ́n tún un ṣe, tí wọ́n sì sọ ohun tí wọ́n rí.

Ìdí tí mi ò fi lè fọwọ́ yẹpẹrẹ mú un ni pé ìrora míì ò kì í lọ mọ́. Lọ́dún 2006 Kehlet, Jensen àti Woolf kọ̀wé nínú Lancet, ìwé ìròyìn àwọn dókítà, pé láti 10 dé 50 nínú ọgọ́rùn-ún èèyàn ló ṣì máa ń ní ìrora tó ń bá wọn lọ lẹ́yìn àwọn iṣẹ́ abẹ tó wọ́pọ̀, ó sinmi lórí irú iṣẹ́ abẹ tó jẹ́, tó sì máa ń le gan-an fún láti 2 dé 10 nínú ọgọ́rùn-ún. Fún ìpá, irú tèmi, wọ́n kọ nǹkan bí 10. Ọ̀kan nínú èèyàn mẹ́wàá. Ẹni tí ìrora ẹ̀ le gan-an ní àwọn ọjọ́ àkọ́kọ́ wà lára àwọn tó ṣeé ṣe kó ṣẹlẹ̀ sí jù. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún mi ṣì máa ń rán mi létí tí òtútù bá mú tàbí tí mo bá jókòó pẹ́, kì í ṣe ohun tó ń dá mi dúró, àmọ́ ó wà níbẹ̀. Ti òsì ò ṣe bẹ́ẹ̀. Mo ti sọ pé mi ò ní fi ṣe ẹ̀rí.

Àmọ́ kẹ́nikẹ́ni má ka èyí kó wá lọ gbé oògùn mì nílé láàárọ̀ iṣẹ́ abẹ láìsọ fún dókítà o. Mo bẹ̀ yín. Àwọn oògùn bí ibuprofen lè ba kíndìnrín tí kò lágbára jẹ́, wọ́n lè jí ọgbẹ́ inú, wọn kì í sì í fún ẹni tí wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún lórí òpó ẹ̀jẹ̀ ọkàn. Parasítámọ̀ náà tó dà bí nǹkan kékeré, tí àgbàlagbà bá kọjá gíráàmù mẹ́rin lójúmọ́ ó lè ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, ẹni tí ara ẹ̀ kéré tàbí tí ẹ̀dọ̀ ẹ̀ ò dáa kò tiẹ̀ gbọ́dọ̀ dé ibẹ̀. Gabapentin tún wà, oògùn ìrora iṣan, wọ́n ti fún ọ̀pọ̀ èèyàn ṣáájú iṣẹ́ abẹ, àmọ́ ìwádìí ńlá kan tó jáde lọ́dún 2020 rí i pé ohun tó ń dín kù nínú ìrora kéré ju ohun tí aláìsàn máa mọ̀ lára lọ, ó sì ń mú òòyì, FDA, àjọ tó ń mójú tó oògùn ní Amẹ́ríkà, sì ti kìlọ̀ ní oṣù December 2019 pé ó lè dín mímí kù, pàápàá lára àwọn àgbàlagbà àti àwọn tó ń lo oògùn líle mọ́ ọn. Ìbéèrè tí dókítà yẹn bi mí ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, òun gan-an ni apá tó ṣe pàtàkì jù nínú ìtọ́jú náà.

Ohun tó jẹ́ kí n jókòó kọ èyí lọ́sẹ̀ yìí ni màmá mi. Wọ́n fẹ́ pààrọ̀ orúnkún wọn lóṣù tó ń bọ̀, ìrora orúnkún sì wà lára èyí tí mo gbọ́ pé ó máa ń le jù. Mo pè wọ́n, mo ní màmá, ṣé ẹ ti bi wọ́n nípa ìrora? Wọ́n ní "Dókítà ṣáà mọ ohun tó ń ṣe, kí ni n ó máa bi í sí?" Mo gbọ́ ohùn ara mi níbẹ̀, ohùn ìgbà àkọ́kọ́. Mo lọ bá wọn. A jókòó, mo ń kọ ọ́ sínú ìwé kan gàdàgbà gàdàgbà kí wọ́n lè rí i kà: kí lẹ máa fún mi kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ṣé ẹ máa mú iṣan ẹsẹ̀ náà kú, kí lẹ máa fún mi tí mo bá jí, ta ni mo máa pè tí kò bá ká a, èwo nínú oògùn tí mo ń lò nílé ni kí n dá dúró. Wọ́n ń gbọ́ mi, wọ́n ń mi orí. Mo fẹ́ pa ìwé náà dé ni wọ́n wá ní kí n dúró ná.

Wọ́n ní, "Abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi mú ẹsẹ̀ kú yẹn, tó bá lọ láàárín òru tí ẹ̀yin ti sùn ńkọ́? Kí ni kí n ti lò kó tó lọ?"

Mo ṣí ìwé padà, mo kọ ti wọn sí òkè gbogbo tèmi.